Ilé Mẹ́rìnlá Lójúmọ́

Àbúrò mi gbé àpótí ìbò, èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo sì dìde lójú gbogbo ayé tí mo ba ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́, kí ẹlòmíràn tó bá mi fi iyọ̀ sí i.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Kì í ṣe èyí tó ń jókòó sí ibùdó ìlera tí aláìsàn ń wá bá. Èmi ni mò ń lọ bá wọn, láti ilé dé ilé, pẹ̀lú báàgì aláwọ kan tí okùn rẹ̀ ti já lẹ́ẹ̀mejì, bàtà pẹlẹbẹ, àti ṣọ́ọ̀kì kan nínú àpò aṣọ iṣẹ́ mi. Ó di ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n báyìí. Àwa mẹ́rin là ń ṣe é nílùú wa.

Orí ṣọ́ọ̀kì yẹn ni gbogbo wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Tí a bá dé ilé arúgbó tàbí aláìsàn tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa, tí a wọlé, tí a tọ́jú rẹ̀, a ó fa ìlà méjì tó gba ara wọn kọjá sára òpó ilẹ̀kùn. Tí a bá kànkùn tí ẹnikẹ́ni ò ṣí i, a ó fa ìlà kan ṣoṣo, kí nọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ̀ pé ẹnìkan ti wá. Nírọ̀lẹ́, a ó ka gbogbo ilé tí a fa ìlà sí, ìbáà ṣe ọ̀kan, ìbáà ṣe méjì, a ó sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé ọ̀gá wa. Nọ́ńbà kan péré ni ìwé náà ní àyè fún. Kò sí àyè fún ilẹ̀kùn tí kò ṣí. Tí nọ́ńbà ọ̀hún bá sì kéré sí méjìlá, ọ̀gá á ní kéèyàn wá kọ àlàyé. Ta ló ráyè àlàyé? Mẹ́rìnlá ni èmi máa ń kọ.

N kò kà á sí irọ́ nígbà náà. Ẹnu ọ̀nà mẹ́rìnlá ni mo rìn dé, ẹsẹ̀ mi ló sì rìn ín.

Tíṣà ni gbogbo ìlú ń pe àbúrò mi, torí pé òun ló kọ́ ìdajì wọn ní ìṣirò. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ ìdáhùn tó tọ̀nà láì fi hàn bó ṣe rí i, òdo gbọnrangandan ló ń fún un. Ipò alága ìlú ló ń dù. Ẹni tó ń bá a dù ú ni oníbúrẹ́dì tó ní ṣọ́ọ̀bù ńlá lẹ́bàá ọjà, ọkùnrin tó lọ́yàyà, tí ẹnu rẹ̀ dùn, tí kò sí ohun tí ẹ bi í tí kò ní dáhùn pé kò le rárá. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Kò-le-rárá. Òun náà mọ̀, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín sí i.

Ìjíròrò àwọn olùdíje kọ́kọ́ wáyé ní gbọ̀ngàn ilé ìwé, lọ́sàn-án Ọjọ́ Ajé kan. Ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ ni olóòtú, ó gbé agogo kékeré kan síwájú ara rẹ̀, ó sì ń lù ú bí ẹni pé èèyàn ń sanwó fún un. Ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n máa ṣe fún àwọn arúgbó àti àwọn aláìsàn tí kò lè fẹsẹ̀ ara wọn rìn dé ibùdó ìlera.

Kò-le-rárá dìde. Ó ní láàárín oṣù mẹ́fà, àdúgbò kọ̀ọ̀kan á ní dókítà tirẹ̀.

“Báwo lẹ ṣe máa ṣe é?” olóòtú bi í.

“Kò le rárá,” ló wí. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un, torí pé ọ̀rọ̀ dídùn dùn ún gbọ́, kódà tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé kò níbi tó ń lọ.

Àbúrò mi ṣí ìwé kan. Ó ní ilé irinwó ó lé ogún ni arúgbó àti aláìsàn wà nílùú wa. Nọ́ọ̀sì mẹ́rin ló ń lọ bẹ̀ wọ́n wò. Òun ti wo àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́ta, nọ́ọ̀sì kan ń tọ́jú ilé mẹ́rìnlá lójúmọ́. Kí a fi nọ́ọ̀sì méjì kún un. Mẹ́fà lọ́nà mẹ́rìnlá jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Ní ọjọ́ márùn-ún iṣẹ́, ó di irinwó ó lé ogún géérégé. Kò ní sí arúgbó kankan nílùú yìí tí ọ̀sẹ̀ kan máa kọjá lórí rẹ̀ tí nọ́ọ̀sì ò ní fọwọ́ kàn án.

“Nígbà tí mò ń lọ láti ilé dé ilé,” ló wí, “mo rí àmì ṣọ́ọ̀kì lára gbogbo òpó ilẹ̀kùn. Ẹnu yà mí. Àwọn obìnrin mẹ́rin ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, a ò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn rí.”

Gbogbo gbọ̀ngàn dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n ń wo ọ̀dọ̀ mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi. Mo rẹ́rìn-ín padà, mo sì ń wo bàtà mi.

Kò-le-rárá ò fẹ́ kó tán bẹ́ẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ náà dùn lórí ìwé, àmọ́ tí ìjíròrò kejì bá dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òun á bi Tíṣà pé ta ló bá a wọn mẹ́rìnlá ọ̀hún.

Káfíńtà ni ọkọ mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bó ṣe ń mu tíì rẹ̀, ó ní, “Ìyá wọn, ṣé lóòótọ́ lo máa ń wọ ilé mẹ́rìnlá lójúmọ́?”

“Kí ló dé tó o fi ń bi mí?”

“Mo kàn ń bi ọ́ ni. Èmi ò lè kan ilẹ̀kùn kan tán kí aago méjìlá tó lù.”

“Ilẹ̀kùn nìyẹn. Èèyàn lèmi ń tọ́jú.”

“Ohun tí mo ń sọ náà nìyẹn,” ló wí, ó sì ń bá tíì rẹ̀ lọ. Inú bí mi débi pé mo gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán mi sílé. Inú ẹni kì í dédé bí báyẹn sí ìbéèrè tí kò ní nǹkan nínú.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, mo pinnu pé màá dán ara mi wò. Ilé mẹ́rìnlá tó wà lórí ìwé mi lọ́jọ́ náà, gbogbo rẹ̀ ni màá wọ̀. N kò ní fa ìlà kan ṣoṣo sára òpó kankan, àfi tó bá hàn gbangba pé kò sẹ́ni nílé. Mo kúrò nílé láago méje.

Ilé kìíní ni ti obìnrin tó ní egbò lẹ́sẹ̀. Mo tú báńdéèjì, mo fọ̀ ọ́, mo dì í padà. Ó gbà mí ní ìṣẹ́jú márùnlélógójì, torí pé ó ní ẹjọ́ ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ rò fún mi, n ò sì mọ béèyàn ṣe ń di ẹsẹ̀ obìnrin kó má gbọ́ ẹjọ́ ọmọ rẹ̀. Ilé kejì, mo wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, mo tún oògùn tó dàrú sínú ike kan náà ṣà. Ilé kẹta, ìyá àgbà kan ní kí n kọ́kọ́ bá òun gbé àga kúrò lójú oòrùn. Nígbà tí mo jáde níbẹ̀, aago mọ́kànlá ti lù.

Ilé kẹrin ni ti Bàbá Aláago. Ó fi ogójì ọdún tún aago ṣe lójú títì kí ojú rẹ̀ tó di bàìbàì. Òun nìkan ló ń gbé. Mo mọ ilẹ̀kùn rẹ̀ dáadáa ju bí mo ṣe mọ òun fúnra rẹ̀ lọ. Mo wo òpó ilẹ̀kùn náà, mo ka ìlà tó wà lára rẹ̀: ìlà kan ṣoṣo lọ́nà mọ́kànlá, gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ ọwọ́ mi.

Mo kànkùn lẹ́ẹ̀mẹta bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo dúró. Ìṣẹ́jú kan kọjá, ọwọ́ mi ti wọ àpò tí ṣọ́ọ̀kì wà láì jẹ́ pé mo rán an níṣẹ́. Mo fà á yọ. Mo ń bá a dúró. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ nǹkan kan nínú ilé: àga tó ń ké, ọ̀pá tó kanlẹ̀, ìdákẹ́jẹ́, ọ̀pá tó tún kanlẹ̀. Ohùn kan wà pẹ̀lú rẹ̀, tó rọlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ní láti gbé etí mi lé igi ilẹ̀kùn kí n tó gbọ́ ọ. “Mò ń bọ̀,” ló ń wí. “Ẹ jọ̀ọ́, mò ń bọ̀.”

Ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá náà fara ti ògiri, ó ń mí.

“Ẹ̀yin nìyẹn,” ló wí. “Mo mọ bí ẹ ṣe ń kànkùn.”

“Ẹ kú ilé, Bàbá. Ṣé ẹ máa ń gbọ́ mi ni?”

“Gbogbo ìgbà. Mo ti fi aago wọ̀n ọ́n. Láti orí àga mi dé ibí, ìṣẹ́jú mẹ́rin àti àbọ̀ ni. Ẹ̀yin, ìṣẹ́jú kan lẹ máa ń dúró.” Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń bínú. Bí ẹni tó ń sọ fún oníbàárà pé aago rẹ̀ ń sáré ló ṣe sọ ọ́. “Nígbà kan, mo rí ẹ̀yìn yín bẹ́ ẹ ṣe ń yà ní kọ̀rọ̀. Mo pè yín, àmọ́ ohùn mi ò tó nǹkan mọ́.”

Ojú tì mí. N ò mọ ọ̀nà míì tí mo lè gbà sọ ọ́. Ojú tì mí débi pé mo kúnlẹ̀ kó tó jókòó, mo ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Ẹsẹ̀ náà wú, ó sì ti ń dúdú níbi ìka. Ìfúnpá rẹ̀ ga ju ohun tí mo fẹ́ rí lọ. Mo lo wákàtí kan níbẹ̀, mo bá a wá ọkọ̀ tó gbé e lọ sí ibùdó ìlera, mo sì fa ìlà méjì sára òpó rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Nígbà tí iṣẹ́ tán lọ́jọ́ náà, ilé mẹ́fà ni mo wọ̀. Mẹ́fà péré, orúnkún mi sì ń ta mí gan-an.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo yà sílé àbúrò mi lẹ́yìn iṣẹ́. Ó jókòó sídìí tábìlì, ó ń fi bírò pupa máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un láì fi ọ̀kan pa mọ́: ṣọ́ọ̀kì, ìwé ọ̀gá, Bàbá Aláago. Ó gbọ́ ọ láì já lu ọ̀rọ̀ mi. Ó fa ìwé kan súnmọ́ra, ó ṣe ìṣirò díẹ̀.

“Tó bá jẹ́ mẹ́fà lójúmọ́,” ló wí, “nọ́ọ̀sì mẹ́rìnlá ni a nílò. Ẹ ò rí i bí? Mẹ́rìnlá yẹn ṣì wà níbẹ̀, ó kàn yí ipò padà ni.” Kò rẹ́rìn-ín. “Mẹ́rin la ní. Ibo ni màá ti rí mẹ́wàá?”

“N ò mọ̀.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ọdún mẹ́ta ni mo fi ka ìwé yẹn. Ọwọ́ yín lẹ fi kọ ọ́.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ kì í parọ́ fún mi. Láti kékeré, ẹ̀yin lèmi ń bi tí mo bá fẹ́ mọ òótọ́.”

Ìyẹn dùn mí ju kó nà mí lọ. Mo ní kó sọ mẹ́fà nígbà tí ọjọ́ bá pé. Ó ní tóun bá sọ mẹ́fà, òun ò ní ìmọ̀ràn kankan tó kù lọ́wọ́ òun, àwọn èèyàn á sì dìbò fún dókítà tí kò sí níbì kankan. Ó ní kí n jẹ́ kóun wọlé ná, tóun bá wọlé, àwa méjèèjì á jọ tún un ṣe.

“Mi ò ní kẹ́ ẹ parọ́,” ló wí. “Ẹ ṣáà jókòó. Ẹ má dìde, ẹ má sọ nǹkan kan. Ìyẹn nìkan ni mo bẹ̀ yín.”

Mo ní ó dáa. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo ní ó dáa. Àbúrò mi kan ṣoṣo ni, èmi ni mo gbé e pọ̀n, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀ pé ó sàn ju Kò-le-rárá lọ lọ́nà ọgọ́rùn-ún.

Gbọ̀ngàn kún lọ́jọ́ ìjíròrò kejì. Mo jókòó sí ìlà kẹta pẹ̀lú ọkọ mi. Kò-le-rárá ò gbàgbé ìbéèrè rẹ̀. Ó ní, “Ta ló bá Tíṣà wọn ilé mẹ́rìnlá?” Àbúrò mi dáhùn pé àkọsílẹ̀ ibùdó ìlera ni. Irọ́ kọ́ ni ìyẹn náà. Ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀ tí kì í bá ṣe ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ àti agogo rẹ̀. Ó na ọrùn, ó rí mi, inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn.

“Kí la tún ń wá kiri?” ló wí. “Nọ́ọ̀sì wa jókòó síhìn-ín. Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Ilé mélòó lẹ máa ń wọ̀ lójúmọ́?”

Àbúrò mi yíjú sí mi. Ẹ̀rù ò hàn lójú rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ni mo rí níbẹ̀, irú èyí tó máa ń ṣe sí mi nígbà tó wà lọ́mọdé tó bá fọ́ nǹkan. Mo ti la ẹnu láti wí pé mẹ́rìnlá. Mo sì rántí àga tó ń ké, àti ọ̀pá tó kanlẹ̀.

“Mẹ́fà,” mo wí.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbóhùn sókè.”

“Mẹ́fà ni. Ẹnu ọ̀nà mẹ́rìnlá ni mò ń dé, mẹ́fà ni mò ń wọ̀. Nígbà míì, kì í tó bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n ò bá tètè ṣílẹ̀kùn, mo máa ń fa ìlà, mo máa ń lọ, mo sì ń kọ wọ́n mọ́ ọn. Tíṣà ò mọ̀ nígbà tó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Èmi ni mo kọ nọ́ńbà tó gbójú lé. Ẹ má bínú sí i, èmi ni kí ẹ bínú sí.”

Olóòtú lu agogo láì sí ìdí kankan. Ẹnìkan lẹ́yìn bi Kò-le-rárá pé ilé mélòó ni dókítà tirẹ̀ máa wọ̀ lójúmọ́, ó ní kò le rárá. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àmọ́ wọ́n dìbò fún un. Ìbò mọ́kànlélọ́gọ́ta ló fi borí àbúrò mi.

Ọ̀gá wa fún mi níwèé pé kí n wá wí tẹnu mi. Àwọn nọ́ọ̀sì mẹ́ta tó kù ò kí mi dáadáa mọ́, n ò sì bá wọn jà, torí pé mo ti tú àṣírí wọn mọ́ tèmi. Mẹ́fà ni mò ń kọ lójoojúmọ́, mo sì ń kọ àlàyé mọ́ ọn. Gbogbo ìyẹn ò dùn mí bíi ti àbúrò mi. Ó di ọ̀sẹ̀ kan, ó di méjì, ó di márùn-ún, kò yà sílé wa, kò sì pè mí. Mo lọ sílé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nírọ̀lẹ́, kò sí nílé. Mo sọ fún ọkọ mi pé ó ti tán láàárín wa. Ó ní kí n fara balẹ̀. Mo ní kó lọ fara balẹ̀ fún ara rẹ̀.

Ní ọ̀sán Àbámẹ́ta kan, mo jókòó sí yàrá ẹ̀yìn, mo gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, mo fi aṣọ tútù di orúnkún. Ọkọ mi wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo gbọ́ tí ẹnìkan kànkùn lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní, “Ta ni?” àmọ́ yàrá ẹ̀yìn jìn sẹ́nu ọ̀nà. Mo dìde, orúnkún ò fẹ́ gbọ́. Mo di tábìlì mú, mo di ògiri mú. Mo ń rò ó bí mo ṣe ń lọ pé ẹni yòówù kó jẹ́, á ti lọ. Mo tún pariwo, “Mò ń bọ̀.” Ìgbà tí mo gbọ́ ohùn ara mi ni omi bọ́ lójú mi.

Mo ṣílẹ̀kùn. Àbúrò mi ló dúró síbẹ̀, ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó gbá ìwé kan mọ́ àyà, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀.

“Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n mi.”

“O ò tíì lọ?”

“Bàbá Aláago ní kí n máa dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún,” ló wí. “Mẹ́ta lẹ̀yin lò. Ẹ máa fún orúnkún yẹn nísinmi o.”

Mo bi í pé ibo ló ti rí Bàbá Aláago. Ó ní wọ́n ti dá a padà sílé, wíwú ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀, bàbá náà sì wà lára àwọn tóun kọ́kọ́ lọ kí. Ó ṣí ìwé náà, ó nà án sí mi. Orúkọ ni, àdírẹ́sì, àti iye ìṣẹ́jú tí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan fi ṣí, gbogbo rẹ̀ tò tẹ̀lé ara wọn bí iṣẹ́ ìṣirò. Ó ti wọ ilé mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ó ní lẹ́yìn iṣẹ́ ló máa ń lọ, òun ò fi ọjọ́ iṣẹ́ kan fò ó láti ọjọ́ tí wọ́n ti ka ìbò, ìdí sì nìyẹn tí mi ò fi bá a nílé.

“Ọdún mẹ́rin sí i, a ó tún jíròrò,” ló wí. “Lọ́tẹ̀ yìí, ta ni màá tún bi?” Ó pa ìwé dé, ó sì wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. “Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi, mẹ́ta péré lèmi ń rí wọ̀ lójúmọ́, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ò tiẹ̀ sí nínú tèmi. Mo rò pé ẹ ti tún fi nǹkan kún mẹ́fà yẹn.”

Mo ní kó wọlé kí n tó gbá a létí. Kò tíì wọlé. Ó ki ọwọ́ bọ báàgì, ó mú ṣọ́ọ̀kì jáde, ó fa ìlà méjì tó gba ara wọn kọjá sára òpó ilẹ̀kùn mi, ó wá wọlé.

Ìlà náà ṣì wà níbẹ̀. Ọkọ mi ní òun fẹ́ nù ún kúrò lára igi òun. Mo ní kó gbìyànjú ẹ̀ wò.